Ẹ Tú Kárìà Yẹn Sílẹ̀: Ohun Tó Wà Lára Ọkọ̀ Yín Tó Ń Mu Epo

Ìrìn àjò kan ṣoṣo ni mo torí ẹ̀ ra kárìà tó wà lórí Sienna wa. Àwa mẹ́fà là ń lọ sílé fún ọdún Kérésì, ẹrù ò sì gba búùtù mọ́. A lọ, a bọ̀, a já ẹrù sílẹ̀, kárìà dúró sórí ọkọ̀. Ó lo ọdún méjì àtààbọ̀ níbẹ̀ láìgbé ohunkóhun. Lọ́jọ́ kan tá à ń bọ̀ láti Ìbàdàn, àbúrò mi obìnrin tó jókòó sẹ́yìn ní, "Bùọ̀dá mi, kí ló ń súfèé lórí wa yìí?" Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Ó ní, "Ta ló wá ń sanwó fún un?"

Ó fi ṣe àwàdà ni, àmọ́ èmi ni mò ń sanwó. Láti 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bola Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí awakọ̀ tí lítà kan ò jọ lójú mọ́. Síbẹ̀, ẹ wo òpópónà márosẹ̀: kárìà tó ṣófo, irin gìrìwò níwájú jíìpù, spọ́ílà ràgàjì lẹ́yìn Corolla, bọ́ńpà tí wọ́n fi okùn so tó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́. Mo fẹ́ sọ bí ẹ ṣe lè mọ èyí tó ń jẹ yín lówó nínú wọn àti èyí tí kò já mọ́ nǹkan kan.

Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mu epo

Ẹni tó bá ti gbá páálí sílíìnì mú lẹ́yìn ọ̀kadà rí ò nílò àlàyé púpọ̀. Bí ọ̀kadà bá ń rọra lọ, páálí ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó sáré díẹ̀, páálí á fẹ́ gbé yín ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún mọ́tò. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Wàhálà tí ẹ́ńjìnnì máa ṣe láti borí ẹ̀ níṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan á di ìlọ́po mẹ́jọ.

Mo jókòó ṣírò ẹ̀ fún mọ́tò tó mọ níwọ̀n bíi Corolla. Bó bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ nìkan á gba nǹkan bíi lítà 3 sí 4 nínú epo tó máa jó lórí 100 kìlómítà. Bó bá jẹ́ 50 ló ń sá, ohun tí afẹ́fẹ́ máa gbà ò tó lítà kan. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Third Mainland Bridge lẹ ti ń lo ìdajì ayé yín, kárìà kọ́ ni ọ̀tá yín. Ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo lójú kan náà ni, àti bíréèkì tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tó ń rin Èkó sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sí Ọ̀ṣogbo, Ṣàgámù sí Oǹdó, àwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun méjì ló ń pinnu bí afẹ́fẹ́ ṣe máa di ọkọ̀ lọ́nà: bí iwájú ọkọ̀ ṣe fẹ̀ tó, tó sì ga tó, àti bí ara ẹ̀ ṣe ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ̀ kọjá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní nọ́ńbà fún ìkejì, Cd ni wọ́n ń pè é, bó bá sì ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó. Camry 2007 tí gbogbo wa mọ̀ sí Muscle, 0.28 ni tiẹ̀. Volkswagen Ìjàpá tó dà bí ẹyin, tí ojú á máa rò pé afẹ́fẹ́ á kàn yọ̀ lórí ẹ̀, nǹkan bíi 0.48 ni. G-Wagon àwọn olówó, 0.54. Ẹ má fi ojú lásán ṣèdájọ́, torí ẹ̀yìn ọkọ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù: ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti já kúrò lára ọkọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ìjì, ibẹ̀ ló ti ń fa ọkọ̀ padà. Gbogbo irin tẹ́ ẹ bá dè mọ́ ara ọkọ̀ ló ń dá irú ìjì kékeré bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn ọkọ̀ bó ṣe wà

Ẹ má tíì tú nǹkan kan o. Ẹni tó bá tú kárìà kó tó wọn epo ò ní mọ̀ láéláé bóyá kárìà ló dín epo kù ni àbí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá ìwé àjákọ, bírò, geeji táyà, àti ilé epo kan tẹ́ ẹ fọkàn tán. Láàárọ̀, kí mọ́tò tó rìn rárá, ẹ wọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nọ́ńbà tó yẹ wà lára páálí pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ sára táyà; ìyẹn ni òpin ohun tí táyà náà lè gbà. Àwọn fọganáísà kan ò mọ̀ ju 40 lọ fún gbogbo ọkọ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́wọ́ kejì, táyà tó rọ̀ ń jẹ epo: ìjọba Amẹ́ríkà sọ lórí ìkànnì fueleconomy.gov pé bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi psi kan (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí geeji táyà ń kà) dín sí bó ṣe yẹ, epo tẹ́ ẹ máa jó á fi nǹkan bí ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Kò jọ nǹkan lójú, ṣùgbọ́n táyà tó bá ti fi mẹ́wàá dín ti ba ìwọ̀n yín jẹ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ wá lọ kún táńkì. Bí ẹnu pọ́ǹpù bá ti dún káà lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní kí wọ́n dúró. Àwọn ọmọ tó ń ta epo fẹ́ràn kí wọ́n máa rọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ kówó lè pé géérégé. Ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ kọ nọ́ńbà ìrìn tó wà ní dáṣíbọọ̀dù sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kíyè sí ohun kan tó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ: tòkunbọ̀ tó bá wá láti Amẹ́ríkà, máìlì ló ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.609. Tòkunbọ̀ Kánádà, kìlómítà ni. Mo mọ ẹnì kan tó ń pariwo kiri pé mọ́tò òun ń jó epo bíi jẹnẹrétọ̀, àṣé máìlì ló ń pè ní kìlómítà.

Ẹ wakọ̀ lọ, kẹ́ ẹ sì wakọ̀ bọ̀. Lílọ nìkan ò tó. Ìbàdàn fi bí igba mítà ga ju Èkó lọ, nítorí náà ẹ ń gun òkè lọ ni bí ẹ ò tilẹ̀ rí òkè kankan. Bó bá tún jẹ́ àsìkò ọyẹ́, láti àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ojú lẹ máa fi gbà á bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ̀yìn lẹ máa fi gbà á bẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Àlọ àti àbọ̀ papọ̀ ló máa pa gbogbo ìyẹn rẹ́. Ẹ mú eré kan, ká ní 90, kẹ́ ẹ dúró lé e. (100 ni òfin gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè lórí òpópónà márosẹ̀, ẹ ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìdánwò yìí.) Bẹ́ ẹ bá tan ẹ̀rọ amúlétutù, kó wà ní títàn lọ́jọ́ mìíràn náà. Iye èèyàn tó wà nínú ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ yí padà.

Bẹ́ ẹ bá dé, ilé epo kan náà, pọ́ǹpù kan náà, kí ọkọ̀ dúró síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ kún un títí tó fi dún káà. Ká ní 23 lítà ló wọlé, 250 kìlómítà lẹ sì rìn. Ẹ fi 250 pín 23, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún: 9.2 lítà fún 100 kìlómítà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, bí òjò bá rọ̀, ẹ kọ ìyẹn náà.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe láti 1996 wá, ojú ihò OBD2, ibi tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò ọkọ̀ sí, wà lábẹ́ sítíárìn. Ẹ lè ra ẹ̀rọ kékeré oní-Bluetooth tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ẹ máa rí bí epo ṣe ń jó lójú ẹsẹ̀. Kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín máa wò ó, kì í ṣe ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú sítíárìn.

Ìgbésẹ̀ 2: Kárìà

Bẹ́ ẹ bá máa ṣe ẹyọ ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni kẹ́ ẹ ṣe.

Ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní àpótí ńlá tí iwájú rẹ̀ rí pẹlẹbẹ lórí ọkọ̀ lè gba ìdá 2 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún kìlómítà tí lítà kan ń gbé yín láàárín ìlú. Lórí òpópónà, ó di ìdá 6 sí 17. Bẹ́ ẹ bá wá ń sá láàárín 105 sí 120 kìlómítà ní wákàtí, ìdá 10 sí 25. Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ò ju kẹ́ ẹ pàdánù ẹyin kan nínú páálí ẹyin; ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ ti gbé méje dànù. Kárìà òfìfo ò tó àpótí, àmọ́ òun kì í sinmi: àpótí lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kárìà ń bẹ níbẹ̀ ní ojoojúmọ́. Lọ́dún 2016, Yuche Chen àti Alan Meier gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fojú bù ú pé epo tí àwọn irin orí ọkọ̀ ń mu lórílẹ̀-èdè náà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 gálọ́ọ̀nù lọ́dún kan.

Ẹ wá gbé e wá sílé. Ká ní Sienna yín tó gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ ń jó lítà 9 ní 100 kìlómítà. Ìdá 6 sí 17 nínú ìyẹn jẹ́ bí ìdajì lítà sí lítà kan àtààbọ̀. Àlọ àti àbọ̀ Ìbàdàn, 250 kìlómítà, ó ti di bíi lítà kan ó lé sí lítà mẹ́rin dín díẹ̀. Ẹ fi iye tí ilé epo àdúgbò yín ń ta lítà kan sọ ọ́ di owó fúnra yín, torí bí mo bá kọ iye kan síbí lónìí, ó lè ti yí padà kẹ́ ẹ tó kà á.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tú u: irin méjì ló sábà máa ń wà lórí jíìpù àti Sienna. Èyí tó gùn láti iwájú lọ sẹ́yìn, ara ọkọ̀ ni, ẹ fi sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń bá a lọ lóòró ni. Èyí tó dábùú lọ́nà ni ọ̀daràn. Ó dúró kángun sí afẹ́fẹ́, òun náà ló sì ń súfèé. Lára ọkọ̀ tí kọ́ḿpìnì ti fi í wá látilẹ̀, sípánà olójú ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń tú u, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Èyí tí wẹ́dà dúró jó fún yín ní ẹ̀gbẹ́ títì, nọ́ọ̀tì lásán ló ń gbà á, bó bá ti dípẹtà ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ sí i kó dúró di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá dáhò sórí ọkọ̀ láti fi dè é, ẹ má tú u kẹ́ ẹ fi ihò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi rọ́bà àti sílíkọ̀n dí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjò á bá yín jókòó nínú ọkọ̀.

Àwọn kan ò lè tú tiwọn, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ẹrù. Kò burú. Ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́ irin tó dábùú náà yíká, kó máa lọ bí ejò lára igi, láti etí kan dé èkejì. Ó máa ń fọ́ ìjì tó ń mú irin súfèé. Kò ní dá epo púpọ̀ padà, àmọ́ etí yín á sinmi.

Bó bá sì di dandan kí ẹrù gun orí ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ ká àga ẹ̀yìn kí inú ọkọ̀ kún. Ohun tó ṣẹ́ kù, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kó gùn lọ sẹ́yìn, kó má ga. Fóòmù tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nàró, ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ni. Ẹ fi tàpólì bò ó, kẹ́ ẹ sì so ó dáadáa. Tàpólì tó ń lu pàtì-pàtì ń jẹ epo, ó sì máa ya kẹ́ ẹ tó dé Ṣàgámù. Ẹ sọ eré kalẹ̀ sí 80, nítorí epo àti nítorí pé ọkọ̀ tí ẹrù gbé orí rẹ̀ ga ń tètè ṣubú ní kọ́nà. Àpótí tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ dáa ju ti òkè lọ: ìdá 1 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ fún un lórí òpópónà, torí inú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yí tẹ́lẹ̀ ló wà.

Ọ̀rọ̀ búùtù tí wọ́n fi okùn so ní àbọ̀ṣí nítorí iṣu, mi ò lè ṣe kí n má sọ ọ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń sáré máa ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, èéfín sàlẹ́ńsà sì wà níbẹ̀ gan-an. Ó máa bá ihò yẹn wọ inú ọkọ̀. Èéfín yẹn kì í rùn tó bó ṣe ń pani. Bó bá di dandan, ẹ sọ fèrèsé iwájú kalẹ̀, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sùn lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀

Èyí ni èèyàn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, pátákó rọ́bà fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kan wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ délẹ̀. Mẹkáníìkì tú u lọ́jọ́ tó fẹ́ sẹ́ ọ́ìlì, àwọn ìdè rẹ̀ sì já. Ó ní, "Ọ̀gá, kò sí ohun tó ń ṣe, ẹ ò nílò ẹ̀." Ó gbé e sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló wà dòní. Pátákó yẹn ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa kọ lu ọ́ìlì páànù, sàlẹ́ńsà, irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún ń dènà ẹrẹ̀ àti omi fún bẹ́líìtì. Ẹ lọ gbà á padà, tàbí kẹ́ ẹ wá èyí tó bá ọkọ̀ yín mu lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pátì ọkọ̀ tí wọ́n tú. Ẹ ra ìdè rẹ̀ tuntun. Wáyà tí wọ́n fi ń di irin ilé ò dáa fún un: bí ìdajì rẹ̀ bá já lójú eré, ó di ìkòkò tó ń bu afẹ́fẹ́, ó tún lè há sábẹ́ táyà.

Bẹ́ ẹ ṣe wà níbẹ̀, ẹ wo bọ́ńpà. Èyí tó ti yọ ní etí kan ń ṣí ẹnu gba afẹ́fẹ́ sínú ni. Kílíìpù tuntun ò wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 4: Àwọn tó kù

Irin gìrìwò iwájú jíìpù: ó ń dá afẹ́fẹ́ rú níbi tó ti kọ́kọ́ bá ọkọ̀ pàdé, ó sì wúwo. Bẹ́ ẹ bá ń gbé ibi tí màlúù ti ń sọdá ọ̀nà lóru, mo gbà fún yín. Lékkí, mi ò rí màlúù.

Spọ́ílà: èyí pẹlẹbẹ kékeré tó bá ọkọ̀ dé láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè wúlò, ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ já dáadáa. Èyí tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì bí ìyẹ́ bàlúù, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lójú eré tí a kì í sá, epo lẹ sì fi ń san owó títẹ̀ náà.

Rímù ńlá àti táyà fífẹ̀: wọ́n ń gba afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n wúwo, wọ́n sì tún ń purọ́. Táyà tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ń jẹ́ kí dáṣíbọọ̀dù ka ọ̀nà dín sí iye tẹ́ ẹ rìn. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ táyà láàárín ìdánwò méjì, ẹ fi máàpù fóònù wọn ọ̀nà, ẹ má gba dáṣíbọọ̀dù gbọ́.

Fèrèsé: láàárín ìlú, ẹ ṣí i. Lórí òpópónà, ẹ tì í. Ibi tí epo ti máa dọ́gba láàárín ṣíṣí fèrèsé àti títan ẹ̀rọ amúlétutù yàtọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni fèrèsé ṣíṣí ń pàdánù.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù: ọ̀pọ̀ awakọ̀ Hilux ló gbà pé bí òun bá ṣí i sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á rọ́nà jáde. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bó bá wà ní títì, afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ̀yìn náà á máa yí lójú kan, èyí tó ń bọ̀ láti òkè á sì gun orí rẹ̀ kọjá. Ẹ tì í. Tàpólì tó nà gbọnrangandan lórí rẹ̀ tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ráìnì-gáàdì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èríà, àsíá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ríbọ́ọ̀nù ìgbéyàwó tó ti ṣá: wọ́n kéré. Ẹ yọ àsíá àti ríbọ́ọ̀nù nítorí ojú, ẹ fi ráìnì-gáàdì sílẹ̀. Àwọn tó ń ta mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń so mọ́ páìpù epo, tí wọ́n ní ó ń dín epo kù, ẹ ní kí wọ́n wá bá yín ṣe Ìgbésẹ̀ 1.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí afẹ́fẹ́ lè gé òwú ìhunṣọ ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan, kó fi séllótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọkọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ káàkiri. Kí ẹlòmíì máa wa ọkọ̀ kejì tẹ̀ lé yín lójú ọ̀nà tó dá, kí ẹni tó jókòó tì í fi fóònù ya fídíò. Ibi tí òwú bá ti nà tààrà, afẹ́fẹ́ ń yọ̀ níbẹ̀. Ibi tó bá ti ń jó bí ẹni orí ẹ̀ dàrú, ibẹ̀ ni epo yín ń gbà lọ. Lẹ́yìn kárìà, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń jó.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tún un wọn

Ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tú kárìà nìkan, kẹ́ ẹ tún ọ̀nà yẹn rìn bẹ́ ẹ ṣe rìn ín lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, èyí ló máa ń ni èèyàn lára jù, ẹ dá kárìà padà kẹ́ ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ìkíní àti ìkẹta bá súnmọ́ra, tí ìkejì sì dín kù, ẹ ti rí òótọ́. Bí ìkíní àti ìkẹta bá jìnnà síra, ohun mìíràn ló ń dá sí i: go-slow ní Mowé, òjò, ẹsẹ̀ yín.

Kẹ́ ẹ sì mọ ibi tí ọ̀nà yìí mọ. Bí pọ́ǹpù bá yára dún tàbí tó pẹ́ kó tó dún, ó lè fi bíi lítà kan ṣì yín lọ́nà. Lítà kan nínú 23 ju ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí náà, bí ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ rí bá kéré sí bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì pè é ní nǹkan kan. Ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, kẹ́ ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó pín in. Ohun tó bá kéré débi pé kò hàn lẹ́yìn ìyẹn, kó dúró sára ọkọ̀.

Kárìà tèmi wà lẹ́yìn ilé báyìí, mo fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti ògiri. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ mẹ́jọ wà nínú ọ̀rá tí mo so mọ́ irin rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú sípánà tó ń tú u. Ẹ so tiyín bẹ́ẹ̀, torí Kérésì ò ní pẹ́ dé, wọ́n sì tún máa ní kẹ́ ẹ wá gbé fóòmù.